Ta Ló Kàn?

"Bọ́ọ̀lù!"

Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni Tata wà nígbà tó gbọ́ igbe náà. Ó na ọwọ́ dé ìdí ògiri, ó fa bọ́ọ̀lù kan jáde, ó sọ ọ́ sínú garawa. Ó fi ẹ̀yìn rá jáde bí alákàn, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sáré lọ sídìí tábìlì tí igbe ti wá. Kó tó débẹ̀, ọmọkùnrin tó ké ti yọ bọ́ọ̀lù mìíràn lápò. Kò wo Tata lójú. Ó ń gbá tirẹ̀ lọ.

Tábìlì tò láti ògiri dé ògiri nínú gbọ̀ngàn náà. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn, ìró rẹ̀ sì ń ta bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké fọ́n sílẹ̀ káàkiri bí ẹyin tí kò ní olóhun. Tata ń ṣà wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán ló ti ń ṣà. Tí garawa bá kún, a gbé e káàkiri fún àwọn tó fẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ilé-ìwé eré ìdárayá ni ibẹ̀, ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí èémí ènìyàn ti ń rú bí èéfín láàárọ̀. Wọ́n mú un wá nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù orí tábìlì gbá. Nílé, kò sí àgbà tí kì í làágùn kó tó borí rẹ̀. Tata ni wọ́n sọ ọ́, nítorí bó ṣe ń fò kiri nídìí tábìlì bíi tata inú koríko. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì tí Tata fi kọ́ eré náà.

Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Wọ́n so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹrù. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, obìnrin kan ka káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó tún fà á lọ́wọ́.

Bàbá Oníbátì ló kọ́ ọ ní eré nílé. Òfin bàbá náà kò pọ̀. Ẹni tó kéré jù ló ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ẹni tó kéré jù ló ń tún ibẹ̀ ṣe. Ọmọdé kì í já lu eré àgbà. Tó bá kàn án, wọ́n á pè é. Bàbá náà a jókòó sórí àga rẹ̀, a na ìka sí ọmọ tó bá wù ú. "Ìwọ. Bọ́ síbẹ̀." Ó parí.

Níbí, nínú gbogbo wọn, Tata ló kéré jù. Nítorí náà, ó ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ó ń tún ibẹ̀ ṣe. Ó sì ń dúró kí wọ́n pe òun.

Wọn kò pè é.

Àárọ̀ sàn díẹ̀. Láàárọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń pín wọn ní méjì-méjì, Tata a sì gbá tirẹ̀. Ọ̀sán ni wàhálà. Lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó ń pín ẹnikẹ́ni. Kálukú ń gbá pẹ̀lú ẹni tó bá wù ú, akọ́nimọ̀ọ́gbá a sì dúró lókè, lẹ́yìn gíláàsì, a máa wò wọ́n.

Ohun kan tilẹ̀ wà tó ń bí Tata nínú níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ nǹkan tò. Wọn a fi bátì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ létí tábìlì nígbà tí àwọn mìíràn ń gbá eré lọ́wọ́ lórí tábìlì kan náà. Bátì kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Bàbá Oníbátì ìbá ti lé irú wọn jáde. Tata kì í bá wọn jà. Ó ń kó bátì náà. Ó ń fi aṣọ nù wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí pẹpẹ tó wà lára ògiri, ó ń kọ orí gbogbo wọn síbì kan náà. Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń pòṣé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe ń to bátì lọ́wọ́ ni òjìji kan bò ó. Ọ̀pá ni. Yàrá kan náà ni òun àti Tata ń sùn. Ọmọbìnrin tó ga bí òpó iná ni, Tata ló sì sọ ọ́ ní Ọ̀pá nínú ọkàn ara rẹ̀.

"Bátì mi dà?"

Tata nawọ́ sí pẹpẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti nu ti Ọ̀pá dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé ará yàrá òun ni.

Ọ̀pá já bátì rẹ̀ gbà. Ó wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọkùnrin méjì ti bẹ̀rẹ̀ eré tuntun lórí tábìlì tó ń wò.

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi gan-an?" ó ní. "Ojoojúmọ́! Ojoojúmọ́ ayé yìí! Ẹ tiẹ̀ bá mi bi í, ẹ̀yin ènìyàn!"

Kò sẹ́ni tó bá a bi í. Ọ̀pá ju ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Èdè ibẹ̀ kò tíì rọ̀ létí Tata. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́. Àmọ́ ìbínú kò nílò ògbufọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnubátì lọ́wọ́. Ó ní bóyá òun kò nù ún mọ́ tó.

Nínú yàrá, Ọ̀pá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnì kan lórí fóònù. Nígbà tí Ọ̀pá jáde, Tata jókòó ti ẹ̀rọ irin tó ń mú yàrá gbóná. Òun àti irin yìí ti di ojúlùmọ̀. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ kí èdè ilé má baà dípẹtà lẹ́nu òun.

"Ìwọ yìí náà," ó sọ fún un, "mo kí ẹ láàárọ̀, o ò dáhùn. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Irin náà dún kọ́ọ́.

"O ṣeun. Ó yẹ kó o ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀rín àdárín kì í pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ránṣẹ́ pè é. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, fèrè kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Tata ń pè é ní Onífèrè, tó bá ń bá irin sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju àyè tábìlì kan àti àga méjì lọ. Láti ojú fèrèsé, ènìyàn lè rí gbogbo gbọ̀ngàn bí ẹni ń wo inú àwo.

"Jókòó."

Tata fi ìdí lé etí àga. Wàhálà mìíràn tún nìyẹn. Nínú èdè ibẹ̀, "ìwọ" kan náà ni wọ́n ń pe àgbà àti ọmọ ọwọ́. Ẹnu Tata kò gbé e láti sọ ọ́ sí ẹni tó tó ìyá ìyá rẹ̀. Nítorí náà, tí Onífèrè bá bi í ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń fi dáhùn, a sì dákẹ́.

"Mò ń wò yín lọ́sàn-án," Onífèrè wí. "Mo ti ń wò ọ́ láti ìgbà tó o ti dé. Ohun tó ò ń ṣe lọ́sàn-án kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Tata wolẹ̀.

"Má wolẹ̀. Èmi ni kó o wò."

Ó gbé ojú sókè, ó wò ó, ojú náà sì tún ṣubú fúnra rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ tó bá ń ranjú mọ́ àgbà, oríkunkun ló ń kọ́.

"Ṣé o fẹ́ wà níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí n rí i, nígbà náà. Mo fún ọ láyè di òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí ìyípadà, màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ kó wá máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ níbí. Ọmọ mìíràn sì ń dúró de ibùsùn yẹn."

Bí Tata ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń rò ó. Iṣẹ́ òun kò tó. Ìyẹn ni obìnrin yẹn rí láti òkè. Bóyá bọ́ọ̀lù kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí òun kò rí. Bóyá eruku wà lórí tábìlì.

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń dé gbọ̀ngàn ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó ń nu tábìlì. Ó ń gbá ilẹ̀. Ó ń kó bátì kúrò létí tábìlì kí ẹni tó ni ín tó yíjú padà. Wọ́n ń pòṣé sí i gidi báyìí. Ọmọkùnrin kan já bátì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni já ẹran lẹ́nu ajá. Tata tẹra mọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ṣìnà, tó bá tún sáré, jíjìn ni yóò jìn sí i.

Ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é.

"Ìyá mi!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ọmọ rẹ̀, nítorí wọ́n ní ìyá tó bí i gan-an ni Tata jọ.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ṣé ò ń sùn?"

"Mò ń sùn."

Ohùn ìyá rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn. "Ẹ bi í bóyá ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀!"

"Ìyá rẹ ní ṣé ò ń wọ ìbọ̀sẹ̀."

"Mò ń wọ̀ ọ́."

"Méjì-méjì! Ẹ ní kó máa wọ̀ ọ́ ní méjì-méjì!"

"Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rin la bí mọ́ ọn ni?" bàbá dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn. "Má dá a lóhùn, ìyá mi. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ṣé ò ń nà wọ́n?"

"Mò ń gbìyànjú, bàbá."

"Mo mọ̀! Mo ti ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ojú ilẹ̀ ná. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á jìyà!"

Lẹ́yìn tí bàbá pa fóònù, Tata mú tirẹ̀ dání títí ó fi tutù. Ilé ìsùn dákẹ́. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà nítòsí ti lọ sílé. Àwọn tó kù ti jáde ní méjì, ní mẹ́ta. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn nísàlẹ̀, ó gbọ́ ilẹ̀kùn, kò sì tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọ tuntun kan dé. Ó kéré. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, nítorí náà Akáyín ni Tata sọ ọ́. Inú Tata dùn. Ó ti rí ẹni tó kéré jù ú lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí gbọ̀ngàn kún, ó tọ Akáyín lọ, ó sì gbé garawa bọ́ọ̀lù fún un bí ẹni gbé oyè sílẹ̀ fún arọ́pò.

Akáyín wo garawa. Ó wo Tata. Ó gbé garawa sílẹ̀.

Ó lọ tààrà sídìí tábìlì tí Ọ̀pá àti ọmọkùnrin gíga kan ti ń gbá eré, ó fi bátì rẹ̀ létí tábìlì, ó sì fà sẹ́yìn.

Tata mí kanlẹ̀. Ó ní, èyí náà tún dà bí wọn. Ó sáré síbẹ̀, ó na ọwọ́ sí bátì náà láti gbé e lọ sórí pẹpẹ.

Akáyín gbá a lọ́wọ́, pà!

"Fi í sílẹ̀! Ó kàn mí!"

Tata fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dúró. Eré náà parí, Ọ̀pá ló borí. Ọmọkùnrin gíga náà mi orí, ó kúrò nídìí tábìlì.

"Ta ló kàn?" Ọ̀pá bèèrè.

"Èmi," Akáyín wí. Ó mú bátì rẹ̀ létí tábìlì, ó bọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ọjọ́ orí. Kò sí ẹni tó pè é. Kò tilẹ̀ dé orí èjìká Ọ̀pá.

Tata yí ojú ká gbọ̀ngàn. Bátì kan wà létí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Méjì wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n wà nítòsí, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń so okùn bàtà, wọ́n ń dúró. Bí eré kan bá ti parí, ẹni tí bátì rẹ̀ wà níwájú a bọ́ síbẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Ìtò ni wọ́n tò. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tó ń nù ún, tó ń tò ó sórí pẹpẹ.

Ó fẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, kó má jáde mọ́.

Kò wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó lọ mú bátì tirẹ̀ nínú àpò. Ó gbé e lọ sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi í sí ẹ̀yìn ọ̀kan tó wà níbẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ń wò ká bí ẹni tó jalè.

Eré kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin tó borí nu ojú rẹ̀.

"Ta ló kàn?"

"Èmi."

"Ta ni?"

"Èmi ló kàn!"

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Àwọn ènìyàn yíjú wò ó. Láti tábìlì tirẹ̀, Ọ̀pá ké:

"Ẹ ṣọ́ bátì yín o! Agbébátì ti dé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tata dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Kò tíì sọ tó gbólóhùn méjì pọ̀ ní èdè yìí rí níwájú ènìyàn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Nílé wa, tí bátì bá wà lórí tábìlì, ìdọ̀tí ni. Mo rò pé ọ̀bùn ni gbogbo yín."

Akáyín bú sẹ́rìn-ín, ihò eyín rẹ̀ hàn kedere, àwọn yòókù sì gbè é.

"Kí ló dé tó o ò bèèrè?" Ọ̀pá bi í.

"Mò ń dúró kí ẹ pè mí."

"Ta ni kó pè ọ́?"

Ọ̀pá kò fi bú u. Ó kàn bèèrè ni, bí ènìyàn ṣe ń bèèrè aago. Èyí ló dun Tata jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí i.

Ọmọkùnrin náà nà án bí ẹni ń na aṣọ lórí òkúta. Ẹsẹ̀ Tata ti wúwo. Ojú rẹ̀ kò bá bọ́ọ̀lù mọ́. Eré náà kò pẹ́ tó fi parí. Ó mú bátì rẹ̀, ó fi í sétí tábìlì mìíràn. Wọ́n tún nà án níbẹ̀. Ó tún fi í sí òmíràn. Ní èyí tó kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí ohun tó mọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó borí ọmọbìnrin kan tó jù ú lọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà ní, "O mọ̀ ọ́n gbá," ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Kò dúró de ẹni tí yóò rán an. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó kan ilẹ̀kùn Onífèrè.

"Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù," ó wí. "Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é níbí ni. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó ń wo obìnrin náà lójú. Ojú rẹ̀ ń ta á, àmọ́ kò gbé e kúrò.

Onífèrè bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo rí ọ," ó ní. "Àmọ́ o pẹ́. Àárọ̀ yìí ni mo bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ó ní kó o máa bọ̀ wálé. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ kó o gbéra."

Tata fẹ́ sọ̀rọ̀, Onífèrè gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá ló bí ọmọ. Tó bá ní kí ọmọ òun wá, mi ò lè dí i lọ́nà. Tó bá ní kó dúró, ibùsùn rẹ wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ́ fún un?"

"Rárá."

Obìnrin náà tún fi awò rẹ̀ sójú.

"Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ."

Àbámẹ́ta gùn. Tata kò tí ì kọ̀ fún bàbá rẹ̀ rí láyé. Kì í ṣe ẹ̀rù pàṣán. Bàbá rẹ̀ kì í na ọmọ. Kò kàn ṣẹlẹ̀ rí ni. Tí bàbá bá ní ó yá, á ní ó yá náà. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Tó bá lọ sílé, ìyá rẹ̀ á di mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á sùn lórí ibùsùn ara rẹ̀, á gbọ́ ohùn ayùn láàárọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ó bi irin léèrè. Irin kò dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, òun ló kọ́kọ́ pe bàbá.

"Ìyá mi! Ìwọ lo pè? Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ti múra dè ẹ́. Mo ti fi rándà ìfági fá ojú tábìlì rẹ, ó ń dán bíi dígí. Má wúlẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí ohun tí obìnrin yẹn sọ. Ilé-ìwé wọn kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ́ ènìyàn láyé."

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Lórí kí ni?"

"Mi ò tíì fẹ́ wálé."

Tata gbọ́ òòlù tí ẹnì kan ń lù lọ́nà jíjìn, ó sì mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni bàbá dúró sí.

"Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́. Èmi ni."

"Ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ ni? Sọ òótọ́ fún mi."

"Wọn ò fìyà jẹ mí." Ó mí. "Àmọ́ mi ò ní ọ̀rẹ́. Mo máa ń purọ́ fún yín tí mo bá ní mò ń gbìyànjú. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án rí títí di ọjọ́ Ẹtì. Ṣíṣà ni mò ń ṣà á."

"Ò ń ṣa kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: garawa, aṣọ ìnubátì, pẹpẹ. Nígbà tó dé ibi tó ti ń to bátì tó ń kọ orí wọn síbì kan náà, bàbá bú sẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Bàbá Oníbátì á kú tó bá gbọ́ èyí," ó ní. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Wọn ò gba tìẹ, o ò sì ní ọ̀rẹ́. Kí lo wá fẹ́ dúró ṣe?"

"Mo fẹ́ gbá a, bàbá. Tí mo bá wálé báyìí, ohun tí màá sọ pé mo ṣe níbí ni pé mo ṣa bọ́ọ̀lù."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá mi kò tíì jẹ́ kí n dá mú ayùn."

Òòlù ń dún lọ lọ́hùn-ún.

"Ìyá mi."

"Bàbá."

"Ilé dákẹ́."

"Mo mọ̀, bàbá. Ibí náà dákẹ́."

Bàbá ní kí ẹni tó ń lu òòlù dúró ná.

"Ó dáa. Màá pe obìnrin yẹn."

"Ẹ ṣé, bàbá."

"Má tíì dúpẹ́. Èmi ni màá sọ ọ́ fún ìyá rẹ." Tata gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn pé, "Kí ló wí? Ọjọ́ wo ló ń bọ̀?" Bàbá kò dá a lóhùn. Ó pa fóònù.

Tata sunkún. Kò sun ún pẹ́ púpọ̀. Nígbà tó tó, ó dìde, ó bọ́jú, ó wá bàtà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ.

Wọ́n ti jókòó. Ọ̀pá ti ti ilé dé, òun àti Akáyín pẹ̀lú àwọn mélòó kan yí tábìlì kan ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè, ẹnì kan ń ṣe àfarawé ẹnì kan. Tata gba oúnjẹ rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ dè é.

Ó fa àga kan láti ibòmíràn, ó gbé e síbẹ̀, ó jókòó. Ọ̀pá sún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Tata ń jẹun. Ohun tí wọ́n ń sọ, kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ó jẹun tán, kò dìde.